Bí A Ṣe Ń Gbé Odò Wá Sílé fún Ẹja Kékeré Tó Ń Jẹ́ Pelvicachromis pulcher

Akọ rẹ̀ tó dàgbà tán kò gùn tó bírò ọmọ iléèwé. Tí ẹ bá kó mẹ́wàá rẹ̀ sínú ọbẹ̀, egungun ni ẹ máa máa tu sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í polówó rẹ̀ lọ́jà ẹja wa. Ṣùgbọ́n láti 1913 ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń sìn ín nínú gíláàsì, tí wọ́n ń jókòó síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ẹni ń wo sinimá. Inú odò gúúsù Nàìjíríà títí dé ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù ni ẹja náà sì ti wá. Àwa tí a ni ín ni a kò mọ̀ ọ́n.

Tọkọtaya àkọ́kọ́ tí mo rà kú sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kò nílò ohunkóhun, pé kí n ṣáà máa fún un lóúnjẹ. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù sí ìsàlẹ̀ táńkì, mo ki òdòdó oníke bọ̀ ọ́, mo tan iná funfun gbòò lé e lórí, mo fa omi bóòhóòlù sí i, mo sì kó wọn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọ̀ ara wọn di eérú. Abo há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fílítà, kò jáde mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo jí, mo bá akọ lójú omi, ó ti yí ikùn sókè. Ìgbà tí mo dé etí odò tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń gbé ni mo tó rí i pé kò sí ohun kan nínú gbogbo ètò mi tó jọ ilé wọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ti odò bẹ̀rẹ̀. Táńkì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀

Boulenger, onímọ̀ ẹja tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1901. Èdè Látìn ni pulcher, arẹwà ló túmọ̀ sí. Ní ọjà, kribensis tàbí krib ni wọ́n ń pè é, àṣìpè sì ni. Kribi jẹ́ ìlú etí òkun ní Kamẹrúùnù. Ẹja mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló ni orúkọ yẹn, àmọ́ orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ṣeé ká kúrò mọ́. Tí ẹ bá ń wá a, kribensis ni kí ẹ béèrè.

Ẹbí epìyà ni. Ẹni tó bá ti di epìyà mú rí yóò mọ ẹ̀gún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti bí ó ṣe máa ń gbójú sí ènìyàn tí ó bá ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo ìwà yẹn wà lára èyí náà, kékeré ló kàn jẹ́. Ìlà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ẹnu dé ìdí ìrù. Akọ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó tẹ́ẹ́rẹ́, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti abẹ́ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, ó sì máa ń ní àmì roboto dúdú lára ìrù. Abo kúrú jù ú lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8, ara rẹ̀ sanra, orí lẹbẹ rẹ̀ ṣe roboto. Ikùn abo lẹ máa wò jù lọ. Tí ó bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn náà á pọ́n dòdò bíi sóbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja, akọ ló máa ń wọ aṣọ ọ̀ṣọ́ kí abo lè wò ó. Níhìn-ín, abo náà ń múra, òun ló sì sábà máa ń lọ fi ara han akọ.

Ẹ wo ilé rẹ̀

Odò Ethiope ní ìpínlẹ̀ Delta ni àwọn tó fẹ́ràn ẹja yìí sábà máa ń tọ́ka sí. Umuaja ló ti ṣẹ̀, ó gba Abraka kọjá, ó sì pàdé odò Jamieson ní Sapele, kí àwọn méjèèjì tó di odò Benin tó ń lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ wá a láàárín odò níbi tí omi ti ń sáré. Etí odò ni, àti àwọn odò kéékèèké tó ń ti inú igbó wá pàdé odò ńlá: ibi tí ewéko ti ṣẹ́rí wọ inú omi, tí gbòǹgbò igi ti lọ́ mọ́ra, tí imọ̀ ògùrọ̀ ti já sílẹ̀. Ibẹ̀ lẹja tí kò tó ìka méjì ti ń rí ibi sá sí fún ẹyẹ apẹja àti fún ẹja ńlá.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ibòji. Oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ omi náà tààrà. Ó máa ń kán sílẹ̀ wínníwínní láàárín ewé ni. Èkejì ni ìsàlẹ̀ odò. Iyanrìn ni, tí ewé gbígbẹ bò, tí ẹja náà ń fi ẹnu bù, tí ó ń tutọ́ rẹ̀ jáde láti fi wá oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni ihò: abẹ́ gbòǹgbò, abẹ́ ẹ̀ka tó ti wó, abẹ́ òkúta. Ẹja tó ń gbé inú ihò ni, inú ihò ló ń bímọ sí. Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀ omi, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Nínú àwọn odò inú igbó, omi máa ń dà bí àgbo tí wọ́n ti fi omi lá, ó mọ́ gaara ṣùgbọ́n ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ewé àti igi tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ ló ń tú oje wọn sí i, oje náà sì ń mú kí omi kan díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn tí òjò ti fọ̀ fún ọdún gbọọrọ, kò sí òkúta ẹfun níbẹ̀, nítorí náà omi náà rọ̀, ọṣẹ máa ń hó nínú rẹ̀ wàrà. Tí a bá fi pH, òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wọ̀n ọ́n, ó sábà máa ń wà láàárín 5 àti 7, ooru rẹ̀ sì máa ń wà ní ìwọ̀n 24 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn.

Kò di dandan kí ẹ rìnrìn àjò dé Abraka. Odò kékeré èyíkéyìí tí igbó bò lè kọ́ yín ní ohun tí mo ń sọ. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú kí òjìji yín má bọ́ sórí omi, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ rò pé ewé ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó ju àwọ̀n. Àwọn odò kan ní èèwọ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pẹja. Ẹ má sì wọ omi tí kò ṣàn dáadáa láìwọ bàtà òjò, pàápàá tí ẹ bá rí ìgbín omi lára ewéko ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀.

Táńkì

Fún tọkọtaya kan, táńkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30, ti tó. Lítà 54 ni yóò gbà tí ó bá kún dẹ́nu. Gígùn ṣe pàtàkì ju gíga lọ, nítorí ìsàlẹ̀ lẹja yìí ń gbé. Táńkì gíga tó dà bí àpótí dídúró kò wúlò fún un. Oníṣẹ́ gíláàsì tó ń ṣe fèrèsé lè gé e fún yín. Ẹ ní kó lo gíláàsì onímílímítà 6, kí ẹ sì ra silikóònù tí kò ní oògùn apakòkòrò nínú, nítorí èyí tí wọ́n fi ń lẹ ilé ìwẹ̀ sábà máa ń ní i, ó sì ń pa ẹja. Lẹ́yìn tí silikóònù bá ti gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé táńkì síta, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá máa jò, ẹ jẹ́ kó jò sórí kọnkéré, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jò sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Tí ẹ bá fi iyanrìn, òkúta àti gíláàsì fúnra rẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ lè lé ní kílò 70, ìyẹn àgbàlagbà kan tó jókòó sórí tábìlì yín láti àárọ̀ dé àárọ̀. Tábìlì tó ń mì kò gbà á. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn fèrèsé ti ń là á, yóò gbóná, ewédò yóò sì bò ó.

Iyanrìn odò ni kí ẹ lò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù, ṣùgbọ́n kí ẹ fi asẹ́ yọ òkúta ńlá kúrò. Ẹ má lo iyanrìn etí òkun: iyọ̀ wà nínú rẹ̀, èèpo ìṣáwùrú sì máa ń mú kí omi le. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí omi tí ẹ dà nù yóò fi mọ́. Ó ń gba sùúrù; ẹ lè fọ̀ ọ́ tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ẹ tó fi òkúta èyíkéyìí sí i, ẹ kán fínígà sí i lára. Tí ó bá hó ṣàṣà, òkúta ẹfun ni, ẹ gbé e jù nù.

Ihò ńkọ́? Èèpo àgbọn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ayùn là á sí méjì, ẹ ha ara rẹ̀ títí kò fi ní ẹran àgbọn mọ́, ẹ sè é títí omi rẹ̀ kò fi ní pọ́n dúdú mọ́, kí ẹ wá gé ẹnu ọ̀nà kékeré sí etí rẹ̀, tó fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí iyanrìn. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí kò ní ọ̀dà lára náà dára. Ihò méjì ni kí ẹ ṣe bí ẹja tilẹ̀ jẹ́ méjì, nítorí èyí tí ẹ rò pé wọ́n máa fẹ́ràn kọ́ ni wọ́n máa yàn.

Lórí ewéko, àwa la ni ọjà yìí. Wọ́n ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ fi ṣe ibòji. Ojú oró yóò léfòó lókè, gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa já sílẹ̀ bí irùngbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. Òṣíbàtà yóò ta gbòǹgbò sínú iyanrìn. Ẹ máa kó ojú oró tó bá pọ̀ jù dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó máa ń bímọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé owó iléèwé wà. Ewéko Anubias, tí àwọn ará òkè òkun ń fi owó gidi rà, igbó wa ló ti wá. Ẹ so ó mọ́ igi tàbí òkúta, ẹ má rì í mọ́ iyanrìn.

Ewé tó máa sọ omi di àgbo

Ẹ mọ igi fúrúùtù tí àwọn ọmọdé ń kó èso rẹ̀ lójú ọ̀nà iléèwé. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ewé rẹ̀ tó gbẹ ni wọ́n ń dì sínú náílọ̀nù, tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn olówó ẹja. Àwa ń gbá a jọ, a ń sun ún. Ẹ ṣa èyí tó ti já fúnra rẹ̀, tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀, tó sì gbẹ kan. Ewé tútù kò dára. Ẹ má ṣa tẹ̀gbẹ́ títì tí èéfín ọkọ̀ ti rọ̀ sí, tàbí ti inú ọgbà tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sínú táńkì lítà 54. Ọjọ́ méjì kò ní pé tí yóò fi rì, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí ewé bá ti fẹ́ jẹrà tán, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àlejò lè bi yín pé kí ló dé tí omi yín fi dọ̀tí. Ẹ rẹ́rìn-ín.

Omi

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ibí ni èmi náà ti ṣìnà.

Tí omi ẹ̀rọ ìjọba bá ń dé ọ̀dọ̀ yín, òórùn chlorine inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Ẹ pọn ọ́n sínú ike tó ní ẹnu gbòòrò, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kí ẹ tó lò ó. Omi bóòhóòlù kò ní chlorine, ṣùgbọ́n ó lè ní irin, òun ló máa ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di aláwọ̀ ìpẹtà. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ bu tòkè. Omi òjò rọ̀ gan-an, ó sún mọ́ ti ilé ẹja náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò fọ páànù fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbé nǹkan sílẹ̀, ẹ má sì gba tòjò àkọ́rọ̀, eruku ọyẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Omi òjò nìkan kò dára: kò ní ohun tó lè di pH mú, nítorí náà pH lè já wálẹ̀ lójijì. Èmi máa ń da ìdajì omi òjò pọ̀ mọ́ ìdajì omi bóòhóòlù, mo sì ń lo bébà ìwọ̀n pH títí yóò fi wà ní nǹkan bíi 6.5. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ní ìṣòro tó yàtọ̀: omi ẹ̀rọ ibẹ̀ le, ẹfun rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ kẹ́tù, nítorí náà yóò ní láti fi omi tí wọ́n ti sẹ́ lù ú, yóò sì nílò hítà tí a yí sí 25.

Wàyí o, ẹ má tíì kó ẹja sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di amóníà, májèlé ni. Nínú odò, omi púpọ̀ ló ń gbé e lọ, àwọn bakitéríà kan sì ń jẹ ẹ́: àwọn kan ń sọ amóníà di nitrite, tó ṣì jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí ewéko ń fi ṣe ajílẹ̀. Táńkì tuntun kò ní àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń pọ̀ tó. Ẹ gbé fílítà sí i, ẹ máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀, kó máa jẹrà. Tí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń sin ẹja tí ara wọn dá, ẹ tọrọ kànrìnkàn fílítà rẹ̀ tó ti dọ̀tí, ó máa dín ọjọ́ kù púpọ̀. Nígbà tí ìwọ̀n bá fi hàn pé amóníà àti nitrite ti di 0, táńkì ti ṣe tán. Ohun tó pa akọ mi nìyí o, kì í ṣe ayé.

Fílítà tí mo bá yín fẹ́ ni oníkànrìnkàn, tí pọ́ǹpù atẹ́gùn kékeré ń fẹ́. Kò wọ́n, kì í fa ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ mì, ó sì mọ ìwà NEPA. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́jọ, omi inú fílítà ńlá tó ní ìdérí yóò bàjẹ́, yóò sì da májèlé padà sínú táńkì nígbà tí iná bá dé; kànrìnkàn tó wà nínú omi gbalasa kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì, irú èyí tó máa ń tan ara rẹ̀ tí iná bá lọ. Tí ẹ kò bá ní, ẹ fi kọ́ọ̀bù máa bu omi, kí ẹ máa dà á padà láti òkè ní ìgbà mélòó kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń la ẹnu lójú omi, atẹ́gùn ti tán nìyẹn, ẹ tètè dìde.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fa lítà 10 jáde, ẹ fi lítà 10 tí ẹ ti pèsè sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Omi tí ẹ fà jáde yẹn ni kí ẹ fi fọ kànrìnkàn fílítà, ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, chlorine á pa àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Ìgbà tí ẹja bá dé

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣa akọ kan àti abo kan fún yín. Ẹ ra ọmọdé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n dàgbà pọ̀, kí wọ́n fẹ́ra wọn fúnra wọn. Tọkọtaya tí a fi tipá so pọ̀ lè lu ara wọn pa. Tí méjì bá ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n ń lé àwọn tó kù, ẹ kó àwọn tó kù fún ẹlòmíràn tàbí sínú táńkì mìíràn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ fi náílọ̀nù tí wọ́n fi gbé wọn wá léfòó lórí omi táńkì fún ogún ìṣẹ́jú, kí ooru wọn lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ẹ bu ìdajì kọ́ọ̀bù omi táńkì sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá fún wákàtí kan. Àwọ̀n ni kí ẹ fi gbé wọn sínú táńkì, omi inú náílọ̀nù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ pa iná. Wọn kò ní jẹun lọ́jọ́ náà, ẹ má bẹ̀rù.

Tí ẹ bá fẹ́ fúnra yín pẹ ẹ́ lódò, àwọ̀n ọwọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ mú ìwọ̀nba tí ẹ lè tọ́jú. Odò tí ẹnì kan ti da Gàmálínì sí, ẹ fi í sílẹ̀. Oògùn tó ń pa ẹja ńlá fún ọjà ti pa gbogbo àwọn kéékèèké yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oúnjẹ wọn nínú odò ni kòkòrò omi, aràn wẹ́wẹ́ àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó jọ edé. Nílé, oúnjẹ oníkóró wẹ́wẹ́ tó ń rì dára fún ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n tanwíìjí ló ń mú kí ikùn abo pọ́n. Ẹ gbé omi sínú ike síta, ẹ fi ewé díẹ̀ sí i, ẹ máa fi asẹ́ tíì gbọ́n tanwíìjí inú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, láìyẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lè gbà kí ó di ẹ̀fọn, ẹ ó sì ti sọ ara yín di ọ̀tá àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí ikùn bá pọ́n

Ìgbà yìí ni gbogbo ìyà omi àti iyanrìn máa ń san. Abo yóò lọ síwájú akọ, yóò tẹ ara rẹ̀ bí ọrun, yóò yọ ikùn pupa náà sí i, yóò sì máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Akọ yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kó iyanrìn jáde nínú ihò, wọn yóò sì fi dí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi kù díẹ̀ kí abo nìkan lè wọlé. Tí ẹ bá jí tí ẹ rí òkìtì iyanrìn níwájú èèpo àgbọn, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ nínú táńkì náà.

Lára òrùlé ihò ni ó ń lẹ ẹyin mọ́, ó lè tó àádọ́ta, ó sì lè lé ní igba tí ìyá bá ti dàgbà. Abo yóò wà nínú ilé pẹ̀lú ẹyin, yóò máa fi lẹbẹ fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Akọ yóò máa ṣọ́ ìta. Ẹ ó rò pé abo ti kú nítorí ẹ ò ní rí i. Ẹ má gbé èèpo àgbọn náà wò. Ẹni tó gbé e wò ni wọ́n ń jẹ ẹyin mọ́ lójú. Ẹyin á pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ àwọn ọmọ kò tíì lè wẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú àpò ikùn wọn ni wọ́n ń jẹ. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje tàbí ìkẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n yé ẹyin, ìyá yóò kó wọn jáde bí ìkùukùu kékeré tó ń rìn lórí iyanrìn, òun lókè wọn, bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí òjìji bá kọjá, ìyá á gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ á sì dà wálẹ̀ sórí iyanrìn, wọn kò ní mira. Mo ti rí i tó ìgbà tí n kò lè kà, kò tíì sú mi.

Ìbí àkọ́kọ́ lè bàjẹ́, wọ́n lè jẹ gbogbo ẹyin. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Wọn yóò tún yé òmíràn láìpẹ́.

Ewé fúrúùtù tó ń jẹrà máa ń kó àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn tí ọmọ ẹja lè jẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹyin edé inú iyọ̀ tí wọ́n ń tà nínú agolo ni ó dára jù: ẹ pa á nínú omi iyọ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù atẹ́gùn fún ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, ẹ sẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ fún wọn. Tí kò bá sí, ẹ fi ìka bọ pupa ẹyin adìẹ tí ẹ sè, kí ẹ fọ ìka náà sínú omi. Ìwọ̀nba yẹn ni, nítorí pupa ẹyin máa ń ba omi jẹ́ kíákíá. Tí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé akọ kiri tí lẹbẹ rẹ̀ ń ya, ẹ yọ akọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì kékeré, nítorí akọ kò ní ibi tó lè sá sí bíi ti odò.

Ohun kan ṣì wà tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. pH omi ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé àwọn ọmọ náà máa ń nípa lórí iye tó máa di akọ àti iye tó máa di abo. Nítorí náà, tí gbogbo ọmọ yín bá jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, omi ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má bínú sí tọkọtaya. Ẹ jẹ́ kó wà ní 6.5 láìyẹsẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sínú táńkì mìíràn tí omi rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́. Ẹ lè fún ọ̀rẹ́ tàbí kí ẹ tà wọ́n, àmọ́ ẹ má dà wọ́n sínú odò kankan, ì báà jẹ́ odò tí ìyá wọn ti wá. Àrùn táńkì kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀. Ní Hawaii, tí kì í ṣe ilé ẹja yìí rárá, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ti di onílé. Ẹ má sì fi kíkó wọn lọ sí táńkì mìíràn falẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ikùn ìyá wọn ti tún pọ́n, tó tún ń kó iyanrìn jáde, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ ọjọ́sí bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.